Òbúkọ Tó Ń Kó Irin Àlòkù Jọ

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi dé o!
Kó wọlé, ààyè wà!

Òbúkọ alágbẹ̀dẹ kì í rí irin àlòkù nílẹ̀ kó má kó o relé. Ehoro gbé ọkọ́ tó kán wá kó bá òun tún un rọ. Ìgalà mú àdá wá, Àgbò mú àáké. Òbúkọ jù wọ́n sórí òkìtì irin, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ń kọrin. Ẹ gbè é:

Irin yìí mà dáa ju kó wọná lọ o,
*Yóò wúlò lọ́la!*

Lọ́jọ́ kan, òkìtì wó, ó dí ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ó kígbe: “Ẹ gbà mí o! Ẹ fi ọkọ́ dá ògiri lu!”

Ehoro dáhùn níta: “Bàbá, ọ̀dọ̀ yín ni ọkọ́ wa wà. Ẹ kúkú rọ ọ́ níbẹ̀.”

Ọjọ́ náà la kọ́kọ́ gbọ́ ìró òòlù nílé alágbẹ̀dẹ.

Bí mo bá parọ́, ẹ lọ wo ihò tó gbà jáde lára ògiri.