Àlọ́ Tí Abíọ́nà Pa Ní Òkè-Àgbáyùn

Ènìyàn boni lára ju aṣọ lọ. Ta ni kò gbọ́ òwe yìí rí nínú wa? A ń pa á níbi ìkómọ, a ń pa á níbi òkú, a sì ń pa á fún ọmọ tó bá ń bá ẹbí yodì. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá yín dúró lójú ọ̀nà báyìí, tí mo bi yín pé kí ni ó ń boni lára jù, mo mọ̀ dájú pé aṣọ ni ẹ ó kọ́kọ́ pè. Ẹ má tijú. Gbogbo ìlú kan ló pè é bẹ́ẹ̀ rí, ẹni tó béèrè ìbéèrè náà pàápàá sì rò pé aṣọ ni. Ibẹ̀ gan-an ni òwe náà ti ṣẹ̀, bí wọ́n ti ń pìtàn rẹ̀ nílé wa.

Ìlú náà ń jẹ́ Òkè-Àgbáyùn. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ogun lé kúrò nílùú tirẹ̀. Ogun náà pa ọkọ rẹ̀, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Abíọ́nà ni orúkọ rẹ̀. Baálẹ̀ fún un ní ilé kékeré kan lẹ́yìn odò, ní ìpẹ̀kun ìlú, ibẹ̀ ló sì ti ń hun kíjìpá. Ẹ mọ kíjìpá, aṣọ tó nípọn, tó lágbára, tí àwọn obìnrin máa ń hun nínú ilé. Àwọn ọkùnrin tó ń hun òfì a máa tò sójúde, wọn a máa bá ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin tó ń hun kíjìpá, ògiri ló ń kọjú sí.

Kò sí ẹni tó ṣe Abíọ́nà níbi ní Òkè-Àgbáyùn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má baà bínú sí wọn jù. Wọ́n ń ra aṣọ rẹ̀, wọ́n ń yìn ín, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Àmọ́ kò lọ́mọ lọ́dọ̀ tí wọn ì bá fi máa pè é ní ìyá lágbájá, kò sì sí ẹni tó béèrè orúkọ rẹ̀. Ìyá Aláṣọ ni wọ́n ń pè é. Láàárọ̀, kò sí ẹni tí yóò bi í bóyá ó jí ire. Lọ́sàn-án, nígbà tí apá bá ń ro ó, a kí ara rẹ̀ pé, "O kú iṣẹ́ o," a sì tún dá ara rẹ̀ lóhùn pé, "Oo, a dúpẹ́." Ó dá wà, ìdáwà náà sì ń dùn ún wọra. Bí ọyẹ́ bá dé, kíjìpá méjì ló ń dà bora kó tó sùn, síbẹ̀ òtútù kì í fi í sílẹ̀.

Àlọ́ nìkan ló kù tó ń mú un jáde. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí wọ́n bá ti jẹun tán, tàgbà tèwe a péjọ síwájú ilé Bàbá Òjédìran láti pàlọ́. Bàbá yìí ni olórí agbo, kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́. Agbo náà ní àṣà kan. Ẹni tí wọ́n bá já àlọ́ rẹ̀ yóò jókòó, yóò sì dá lọ sílé rẹ̀ nígbà tí agbo bá tú. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo agbo kò bá rí àlọ́ rẹ̀ já, gbogbo wọn ni yóò sìn ín délé, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni yóò sì ti sọ ìtumọ̀ fún wọn. Ẹni tí wọ́n bá wá sìn délé tí kò ní ìtumọ̀ lẹ́nu, òpùrọ́ ni, kò sì gbọdọ̀ jókòó sí agbo náà mọ́ láyé.

Alaalẹ́ ni Abíọ́nà ń pa àlọ́ fún wọn, alaalẹ́ ni wọ́n sì ń já a. Wọn a já a wéré, wọn a rẹ́rìn-ín, òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà a dá sọdá odò.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, òun ló kàn gbẹ̀yìn. Ó dìde pẹ̀lú kíjìpá tó dà bora.

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Kí ni ó ń bo ọmọ ènìyàn lára jù láyé yìí?"

Ìyá Ọdẹ́wálé, obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Aláṣọ, ìwọ náà lò ń bi wá bẹ́ẹ̀? Aṣọ mà ni!"

Aṣọ náà ni lóòótọ́. Aṣọ ni Abíọ́nà ti rò láti ilé wá. Àmọ́ ó rí àwọn ènìyàn tó ti ń ká ẹní wọn. Ó rántí odò, ó rántí ilé tó ṣókùnkùn lódìkejì rẹ̀. Kí ọkàn rẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe, ẹnu rẹ̀ ti sọ pé, "Rárá o. Kì í ṣe aṣọ."

Àwọn ènìyàn tún ẹní tẹ́. Ẹnìkan ní ilé ni, ó ní rárá. Ẹnìkan ní awọ ara ni, ó ní rárá. Ẹlòmíràn ní òkùnkùn ni, nítorí pé ó ń bo olówó, ó ń bo tálákà. Rárá náà ni. Níkẹyìn, Bàbá Òjédìran fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ilẹ̀ ni," ó ní. "Òun ló ń bo gbogbo wa nígbẹ̀yìn." Ìdáhùn yìí dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi pàtẹ́wọ́. Abíọ́nà ì bá gbà á, kí ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá gbà á, yóò tún dá lọ sílé ni.

"Rárá, Bàbá," ó ní.

"Ó dáa." Bàbá mú ọ̀pá rẹ̀. "A ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà rẹ."

Ẹ ò wá rí ayé bí? Obìnrin tó ń wá ẹni tí yóò bá a rìn rí wọn tán, ẹ̀rù wá bà á. Àwọn kan tan ògùṣọ̀ síwájú, àwọn kan ń kọrin lẹ́yìn. Ọmọdébìnrin kan di etí ìró rẹ̀ mú. Nígbà tí wọ́n dé odò, Ìyá Ọdẹ́wálé gbá a ní apá mú, ó ní, "Rọra o, òkúta ibí yìí ń yọ̀." Láti ìgbà tí Abíọ́nà ti dé ìlú náà, kò sí ẹni tó di apá rẹ̀ mú rí. Ó ń wá ìtumọ̀ kiri inú ara rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó mọ̀ pé bí òun bá ti dé ẹnu ọ̀nà, òun ti pàdánù agbo nìyẹn, kò sì tún sí ohun tí yóò mú òun sọdá odò mọ́ bí kò ṣe aṣọ títà.

Wọ́n dé ibẹ̀. Gbogbo wọn dúró.

"Ìyá Aláṣọ," ni Bàbá Òjédìran wí, "ìtumọ̀ dà?"

Abíọ́nà kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo purọ́. Aṣọ náà ni. Wọ́n ti já àlọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀."

Agbo ń kùn. Ìyá Ọdẹ́wálé sún mọ́ ọn. "Kí ló dé tó o fi ṣe irú èyí? Bó o bá fẹ́ ká sìn ọ́, ṣé o ò lè pe ẹnìkan ni?"

"Ta ni ǹ bá pè?" ni Abíọ́nà dáhùn. "Ta ló mọ orúkọ mi nínú yín?"

Ìyá Ọdẹ́wálé, tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀, ń wo ilẹ̀. Abíọ́nà gbé ọwọ́ láti nu ojú, ìgbà náà ló tó rí i pé aṣọ ìbora òun wà ní kíká lórí apá òun. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́ lára ewé, òun sì ń làágùn lọ́rùn.

"Bàbá, ẹ dúró díẹ̀," ó ní. "Kíjìpá méjì ni mo máa ń dà bora lálẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi hun wọ́n, wọ́n nípọn dáadáa, síbẹ̀ òtútù kì í lọ. Lónìí, mo ti bọ́ aṣọ láti etí odò, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo bọ́ ọ. Irọ́ ni mo rò pé mo ń pa fún yín, àṣé òótọ́ ni mo sọ. Kì í ṣe aṣọ. Ẹ̀yin ni. Ènìyàn ló ń boni lára ju aṣọ lọ."

Bàbá Òjédìran bi í pé, "Kí ni orúkọ rẹ?"

"Abíọ́nà ni, Bàbá."

"Abíọ́nà, ẹnu ọ̀nà ni a ní kí o ti sọ ìtumọ̀, ẹnu ọ̀nà náà lo sì ti sọ ọ́. Ilẹ̀ tí mo pè kò tó èyí. Dìde."

Wọ́n kí i pé ó dàárọ̀, wọ́n sì lọ. Nígbà tí ohùn wọn dákẹ́ lódìkejì odò, òtútù padà dé. Abíọ́nà da kíjìpá méjèèjì bora. Wọn kò tó. Ó sunkún títí oorun fi gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kejì, kò fi ọgbọ́n kankan pa àlọ́ tirẹ̀. "Awẹ́ obì kan, à jẹ dọ́yọ̀ọ́," ó ní. Ọmọ tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ̀ pé ahọ́n ni. Wọ́n já a kó tó parí rẹ̀. Nígbà tí agbo tú, Abíọ́nà ká ẹní rẹ̀, ó sì mú ọ̀nà odò pọ̀n. Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ ariwo Ìyá Ọdẹ́wálé lẹ́yìn rẹ̀.

"Abíọ́nà! Ta lo fẹ́ kó máa sáré tẹ̀lé ọ nínú òtútù yìí? Dúró dè wá!"

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ pé ènìyàn boni lára ju aṣọ lọ. Àwọn àgbà ń pa òwe náà nígbà tí èrò bá rọ̀gbà yí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ká, tàbí nígbà tí ará àti ọ̀rẹ́ bá jáde síni níjọ́ ayọ̀. Wọ́n sì ń pa á fún ẹni tí àpótí rẹ̀ kún fún aṣọ, tó wá rò pé òun kò nílò ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n ń pa á jù ni ìgbà tí àpéjọ bá ti tú, tí gbogbo wa ti ń ká ẹní, tí ẹnìkan ṣì jókòó tí kò fẹ́ lọ. Àgbà kan yóò pa á, yóò sì wò wá lójú, a ó sì mọ̀ pé ó ní ká dìde, ká sin onítọ̀hún délé.