Orúkọ Tí Kandelária Mú Ti Kúbà Bọ̀

Ẹ fi ara balẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí kò gba ìkánjú. Ọdẹ́níyì, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Baba rẹ̀ pa ẹfọ̀n, baba baba rẹ̀ pa erin, òun náà kì í tàsé. Ṣùgbọ́n ikú kò bẹ̀rù ìbọn: ọmọ mẹ́ta ni Sẹgilọlá aya rẹ̀ bí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ilẹ̀ gbà. Wọ́n sọ èkejì ní Málọmọ́, ó lọ. Wọ́n sọ ẹ̀kẹta ní Dúrósinmi, kò dúró.

Nígbà tí wọ́n bí ẹ̀kẹrin, obìnrin ni, Kandelária ìyá Sẹgilọlá gbé e lọ́wọ́. Wọ́n ti kó ìyá àgbà yìí lẹ́rú lọ sí Kúbà rí, kó tó rí ọ̀nà padà wálé. Ó ní, "Ohalá ni kí ẹ máa pè é." Èdè Sípéènì ni. Kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní ìtumọ̀ rẹ̀, ìyá àgbà ti jáde láyé.

Baba Láwóyin, olórí ẹbí, fárígá. "Ọdẹ́níyì, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ a sì máa ro ọmọ. Bí o kò bá mú ìtumọ̀ rẹ̀ wá lọ́jọ́ kẹjọ, Kòkúmọ́ la ó sọ ọ́."

Sẹgilọlá bú sẹ́kún. "Olówó orí mi, ọ̀rọ̀ kan yẹn ni gbogbo ogún tí ìyá mi fi sílẹ̀."

Ọdẹ́níyì forí lé Igbó Ohùn, níbi tí gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ènìyàn jáde ń sùn sí. Lọ́jọ́ kẹta, iwin kan dábùú ọ̀nà, etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò. Etí-kì-í-kún lorúkọ rẹ̀.

"Ọmọ aráyé, kí ni o gbójú lé tí o fi wọ igbó mi? Ìbọn rẹ ni, àbí ọgbọ́n rẹ?"

Ọdẹ́níyì dọ̀bálẹ̀. "Aláṣẹ igbó, ìbọn kì í pa ọ̀rọ̀, ọgbọ́n mi kò sì dé Kúbà. Àìmọ̀ ni mo gbé wá: kí ni ìtumọ̀ Ohalá? Abéèrè kì í ṣìnà."

"Àwọn tó ṣáájú rẹ ní àwọn mọ̀. Egungun wọn ni o ń tẹ̀ bọ̀ yẹn." Iwin náà jókòó. "Ẹnu àwọn Lárúbáwá ni wọ́n ti bí ọ̀rọ̀ rẹ: bí Ọlọ́run bá fẹ́. Wọ́n gbé e sọdá omi dé Sípéènì, wọ́n jọba níbẹ̀ títí. Nígbà tí àwọn ará Sípéènì lé wọn, ọ̀rọ̀ náà kò bá wọn lọ. Àwọn tó lé wọn gan-an ló ń sọ ọ́, àwọn náà ló sì gbé e dé Kúbà. Nínú oko ìrèké ni ìyá aya rẹ ti kọ́ ọ. Ohun tí ènìyàn bá ń fẹ́, tí agbára rẹ̀ kò ká, ni wọ́n ń sọ ọ́ sí: kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ mi ńkọ́? Ṣé yóò yè?"

"Ọ̀rọ̀ tó ti jáde nìkan ni mo mọ̀."

Àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ ló wọlé. Ó rò ó fún ẹbí bó ṣe gbọ́ ọ, kò bu iyọ̀ sí i. Ó ní orúkọ náà kò ṣèlérí ohunkóhun. Baba Láwóyin mí kanlẹ̀.

"A pàṣẹ fún méjì, wọn kò gbọ́. Ẹ jẹ́ ká tọrọ èyí."

Ó fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, ó sì pe orúkọ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, ẹ má lé ọ̀rọ̀ àjèjì lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó bi í níbi tó ti ń bọ̀. Bí ẹ bá sì ń ṣiyèméjì bóyá Ohalá yè, ẹ lọ bi àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Ilé wọn kò jìnnà.