Ẹkún Ìyàwó Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Ìyá wa, èmi, Bùọ̀dá Láyíwọlá ẹ̀gbọ́n wa, àti Àmọ̀kẹ́ àbúrò mi la wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Àmọ̀kẹ́ sun ẹkún ìyàwó, tí a gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà náà ni Bùọ̀dá ti ń fi Àmọ̀kẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìwọ tí omijé ò jẹ́ kó o sun ún parí!" Mo ní irọ́ ni, àwọn ọmọ wa ò gbà.

Lónìí, Ọlátóún ọmọ-ọmọ mi da ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì náà kọ sórí fóònù, ó sì tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa gbọ́. Ohùn Àmọ̀kẹ́ já geere dé ìparí. Bùọ̀dá là ń gbọ́ tó ń fi ẹkún ké: "Àmọ̀kẹ́, má lọ mọ́!"

"Ẹ pa nǹkan yẹn!" Bùọ̀dá ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Àmọ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Bùọ̀dá mi, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a."

Mo ní, "Ọlátóún, tètè fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, kí Bùọ̀dá tó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ."