Owó Ẹyọ Méjì Tó Kẹ̀yìn Síra Wọn

Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé àgbọ́sọ lásán ni: Ọdẹ́jìnmí fúnra rẹ̀, oníbodè Bodè Òkè ní ìlú Ìdí-Ọdán, Fàdérera ìyàwó rẹ̀, Àjàdí ọmọ wọn, ẹnìkan ṣoṣo tí ikú fi sílẹ̀ fún wọn nínú gbogbo ọmọ tí Fàdérera bí, Ọlátẹ́jú, oníbodè Bodè Ìsàlẹ̀, tó wá yá àáké, àwọn alárù tó ń ru iṣu wọ̀lú, ajá kan, àti Àwẹ̀ró, ìyá arúgbó ará ìlú Omírìn, tó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ ró nínú oòrùn.

Àwẹ̀ró kò wá tajà, kò sì wá gbowó. Ajíbógun bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ àwọn òpó ààfin Ìdí-Ọdán nígbà tí òun wà lọ́mọ ọwọ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ó fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tó tán nínú ojú náà.

Ohun tí físà jẹ́ fún ẹ̀yin ọmọ òde òní ni àrokò jẹ́ fún àwọn ará ìgbà náà. Onílé á so owó ẹyọ méjì tó kọjú síra mọ́ okùn, á fi ránṣẹ́ sí àlejò rẹ̀ nílùú kejì. Oníbodè tó bá rí i mọ̀ pé wọ́n ń retí ẹni náà. Èyí tó bá kẹ̀yìn síra, ohun tó ń wí ni pé: padà sẹ́yìn. Ọdẹ́jìnmí wá fi tirẹ̀ kún òfin. Ó ní ẹni tó bá wá wòran lásán, tí kò ní àrokò lọ́wọ́, yóò dúró lóde di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Kò gbọdọ̀ jókòó, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bu omi fún un.

"Ìyá, kí lẹ wá ṣe?"

"Ìran ni mo wá wò, ọmọ mi. Òpó ààfin yín ni."

"Òpó kì í sá lọ. Ta lẹ mọ̀ nínú ìlú?"

"Àwọn òpó náà ni mo mọ̀."

Àwọn alárù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ọdẹ́jìnmí kò rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó wá tajà, mo mọ ohun tó wá ṣe. Ẹni tó wá fẹ́yàwó, mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kàn wá ń wo ìlú onílùú kiri, amí ni."

"Amí? Èmi tí n kò rí ẹsẹ̀ ara mi?"

Ọlátẹ́jú ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n jókòó."

"Máa ṣọ́ bodè tìrẹ."

Àwẹ̀ró dúró títí oòrùn fi yí sí ìwọ̀. Nígbà tí kò lè dúró mọ́, ó yí padà. Àwọn ará oko bá a lábẹ́ igi àràbà létí ọ̀nà, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó kọjú sí Ìdí-Ọdán. Ó ti kú.

Kò pẹ́ tí iṣẹ́ fi dé láti Omírìn. Owó ẹyọ méjì tó kẹ̀yìn síra ni, wọ́n so ó mọ́ àfọ́kù igbá tí omi kò kàn rí. Àgbàlagbà kò nílò ògbufọ̀ fún un: bí ẹ ti ṣe sí wa ni a ó máa ṣe sí yín.

Láti ìgbà náà ni oorun ti di ọ̀tá Ọdẹ́jìnmí. Bó bá ti dijú, á rí Àwẹ̀ró tó dúró. Ìyá náà kì í bá a wí, kì í bú u. Ó kàn dúró ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, nínú àlá náà, Àjàdí náà a máa dúró. Èyí ló bà á lẹ́rù, tó fi pe Ọlátẹ́jú pé kí àwọn oníbodè méjèèjì jọ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ẹfúntọ́lá, obìnrin olórìṣà tó ń da ẹẹ́rìndínlógún nídìí odò.

Ìyá Ẹfúntọ́lá da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún sórí atẹ. Ó wò ó pẹ́. Ó ní:

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo,
Ó tì mọ́ ará òde,
Ó tì mọ́ ará ilé;
Ó dá fún oníbodè méjì
Tí wọ́n jọ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ìlú kan.

"Ọdẹ́jìnmí, ọmọ rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí o tì. Òrìṣà ní kí ẹ rúbọ, ẹ̀yin méjèèjì. Kí oníkálukú gbé àpótí tí òun fúnra rẹ̀ ń jókòó lé jáde síta bodè fún àlejò. Kí ó gbé àmù omi inú yàrá rẹ̀ tì í. Lẹ́yìn náà, kí ó mú owó ẹyọ méjì lọ sí bodè Omírìn, kí ó dúró níbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni, títí wọn yóò fi ní kó wọlé."

Ọdẹ́jìnmí mí kanlẹ̀. "Ìyá, mo ní àgbò. Ẹ jẹ́ n fi àgbò rú u. Bí ó bá jẹ́ méjì, mo ní in."

"Ebi kò pa òrìṣà. Kò béèrè ẹran lọ́wọ́ rẹ. Ó ní kí o lọ dúró."

"Kí n dúró bí alágbe? Kí wọ́n máa bi mí pé kí ni mo wá ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí n wá dáhùn pé kí ni?"

"Pé ìran lo wá wò."

Ó dìde. Ó kí ìyá náà dáadáa, nítorí kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó délé, àgbò ló pa. Àgbò ńlá ni. Gbogbo agboolé jẹ, wọ́n yìn ín. Ó gbé itan kan ránṣẹ́ sí Ìyá Ẹfúntọ́lá. Ìyá náà gbé e fún àwọn ajá etí odò.

Ọlátẹ́jú ní tirẹ̀ gbé àpótí rẹ̀ jáde, ó gbé àmù rẹ̀ tì í, ó sì gba ọ̀nà Omírìn lọ. Ojú rẹ̀ rí nǹkan níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ti odò bọ̀ ń pe ara wọn pé, "Ẹ wá wòran! Oníbodè Ìdí-Ọdán ló wá wòran!" Ọ̀kan ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń gbọ̀n. Oòrùn tiwa náà mú, àbí?" Ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó dìde, ó tún dúró. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, oníbodè Omírìn bu omi wá fún un nínú igbá. Ó tú owó ẹyọ ọwọ́ Ọlátẹ́jú, ó dojú wọn kọra, ó tún wọn so. Ó ní, "Ẹni tó bá gba ìsàlẹ̀ jáde, tó mú okùn rẹ lọ́wọ́, á wọlé. Òkè kò tíì bá wa sọ̀rọ̀."

Òjò dé, omi Omírìn sì kún. Ìgbà yìí ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin Ìdí-Ọdán máa ń lọ wo ibi tí odò náà ti ń já láti orí àpáta lẹ́yìn bodè Omírìn, nítorí àṣà wọn ni pé ẹni tí kò bá tíì fojú rí omi náà kì í gbéyàwó. Wọ́n ti mú ọjọ́ ìyàwó Àjàdí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gba okùn lọ́wọ́ Ọlátẹ́jú.

Fàdérera kúnlẹ̀. "Bàbá Àjàdí, ẹ jẹ́ kí ó bá wọn gba ìsàlẹ̀."

"Ọmọ oníbodè Òkè ni yóò máa yọ́ gba ìsàlẹ̀ jáde bí olè? Orúkọ mi tó láti mú un wọlé."

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so owó ẹyọ méjì, ó dojú wọn kọra, ó fi í lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó rò pé bí òun bá ti so ó, ó ti dọ̀rẹ́ nìyẹn.

Oníbodè Omírìn yí okùn náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Ta ló so èyí?"

"Bàbá mi, Ọdẹ́jìnmí."

"Okùn yìí kò mọ̀ wá, ọmọ mi. A kò bínú sí ọ o. Bí a ti ń dúró lọ́dọ̀ yín náà lẹ ó máa dúró lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ ọjà ń bọ̀."

Olóyèdé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti wọlé. Ó kígbe láti inú pé, "Àjàdí, padà lọ gba ìsàlẹ̀! A ó dúró dè ọ́!"

"Kí bàbá mi wá gbọ́? Ẹ máa lọ jàre. Ẹ bá mi kí omi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Àjàdí dúró. Láti ibi tó dúró, ó ń gbọ́ ìró omi náà, ó ń dún bí ẹni tó ń pe èèyàn. Òjò rọ̀ lé e lórí, oòrùn yọ, ó mú un gbẹ, òjò tún rọ̀. Kò sí àpótí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó bu omi fún un, nítorí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òfin bàbá rẹ̀ wí. Ibà mú un. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan, wọn kò bá a lẹ́nu bodè mọ́. Ó ti ya sínú igbó, ó gba ipa ọ̀nà àwọn ọdẹ gun òkè lọ sí orí omi.

Ó rí i. Àwọn ọdẹ tó wà ní òdìkejì jẹ́rìí sí i. Wọ́n ní ó dúró lórí àpáta, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Wọ́n ṣẹ́jú, àpáta nìkan ni wọ́n rí.

Àwọn ará Omírìn ni wọ́n wá a rí. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n wé e ní aṣọ tuntun, wọ́n gbé e wá sílé. Bodè Òkè ni wọ́n gbé e wá, nítorí ibẹ̀ ló ti jáde. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ààlà, wọ́n gbé e kalẹ̀. Wọn kò wọlé. Àgbà wọn ṣí fìlà.

"Oníbodè, ẹ kú ìrọ́jú. A kò wá tajà. A kò wá fẹ́yàwó. A kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ìlú bí kò ṣe ẹni tí a gbé wá yìí. A ó dúró di ọjọ́ ọjà."

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí wọ́n mọ̀ ní òfin ìlú náà ló sọ. Wọ́n sì dúró nínú oòrùn lóòótọ́, òógùn ń kán lára wọn.

Fàdérera ló wọlé lọ. Ó gbé àpótí ọkọ rẹ̀ jáde, ó fi sí ìta bodè. Ó padà, ó gbé àmù inú yàrá rẹ̀ jáde, ó bu omi fún àwọn tó gbé ọmọ rẹ̀ wá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló tó wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Ẹbọ náà nìyí, bàbá Àjàdí. Mo ti bá ọ rú u."

Ọlátẹ́jú gbọ́ràn, ó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àlejò ń gba bodè rẹ̀ wọlé, ọjà gbèrú síbẹ̀, ọmọ kún ilé rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ilé tiwa ti ṣẹ̀ wá, a kò sì tíì parẹ́. Ọdẹ́jìnmí pe ọ̀rọ̀ òrìṣà ní ọ̀rọ̀ alágbe. Koríko hù ní Bodè Òkè. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, títí ó fi kú, a máa jáde lọ sí ìta bodè ara rẹ̀, á dúró bí àlejò. Àpótí náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò jókòó lé e rí.

Àdùnbí, ọmọ ọmọ mi, mo gbọ́ pé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà àlejò. Kí o tó bi ẹnikẹ́ni pé kí ló wá ṣe, fún un ní àga.