Amọ̀ Tó Bo Ojú Bàbá

Ẹni tó bá máa ń yára dá ẹjọ́, ẹ bá mi pè é kó wá gbọ́ èyí.

Gbádébọ̀ àti àbúrò rẹ̀, Fọlárìn, pe ẹbí jọ láti wo bàbá wọn, bíríkìlà àtàtà, nínú fídíò tí wọ́n yà kó tó kú. Gbádébọ̀ so sípíkà ńlá mọ́ ẹ̀rọ fídíò, ó sì so ẹ̀rọ fídíò mọ́ tẹlifíṣọ̀n tí Fọlárìn rà, tó ti pẹ́ lára ògiri pálọ̀. Ohùn bàbá jáde nínú sípíkà. Ṣùgbọ́n ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú bí ìdí ìkòkò.

Gbádébọ̀ ki ọwọ́ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n láìrí ibẹ̀, ó pààrọ̀ wáyà títí ó fi sú u.

"Fọlárìn, ayédèrú lo rà fún wa!"

Fọlárìn dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ní í rí ẹsẹ̀ mi nílé yìí mọ́."

Ìyá wọn dì í lọ́wọ́ mú. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ẹ gbé nǹkan yìí kúrò lára ògiri ná."

Wọ́n gbé e, ẹnu sì ya gbogbo wọn. Agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sínú ihò tí wáyà ń wọ̀. Ilé náà rí rogodo, ó ń dán, bí ẹni pé wọ́n fi ṣíbí bíríkìlà rẹ́ ẹ. Wáyà kò ráyè wọlé rárá.

Fọlárìn rọra yọ ọ́, ó gbé e lé ìyá lọ́wọ́. Gbádébọ̀ ki wáyà bọ ihò. Bàbá yọ gbàǹgbà, ó ń rẹ́ ògiri pálọ̀ yẹn gan-an.

Fọlárìn jókòó.

Ìyá wo ilé amọ̀ tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Gbádé," ó ní, "bíríkìlà ẹgbẹ́ yín ló dí yín lọ́nà."