O Gé Ìyẹ́, O Kò Gé Ọ̀nà Odò

Ní ìlú tiwa létí odò, bí ènìyàn bá ń fọ́nnu pé ohun tí òun ti dè mọ́lẹ̀ kò lè kúrò níbẹ̀ láéláé, àgbàlagbà kan yóò mirí, yóò ní: "O gé ìyẹ́, o kò gé ọ̀nà odò." Àlejò tó bá gbọ́ ọ a la ẹnu sílẹ̀. Ta ní í gé ọ̀nà odò? Àdá wo ni wọ́n fi ń gé e? Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ohun tí ojú Látúnjí rí, nítorí orí rẹ̀ ni òwe náà ti ṣẹ̀ wá.

Apẹja ni Látúnjí, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ ju àwọ̀n rẹ̀ lọ. Ní ọdún kan tí ẹja kò yọjú, ó rí i pé àwọn ará òkè ń wá pẹ́pẹ́yẹ odò rà lójú méjèèjì, àwọn ẹyẹ olójú funfun tí í máa súfèé lójú omi. Ó ní, "Kí ni mo ń lé wọn kiri fún? Ilé ni n ó ti máa sìn wọ́n." Ó fi àwọ̀n mú ogójì láàyè nínú àbàtà. Lẹ́yìn náà ó ta àwọ̀n, ó ta ọkọ̀, ó fi ra ọkà bàbà, ó sì fi pákó ṣe ọgbà ńlá sẹ́yìn ilé. Gbogbo ohun tó ní láyé di ti àwọn ẹyẹ náà. Ó fi àlùmọ́gàjí gé ìyẹ́ apá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbọn ọwọ́ nù, ó ní, "Ó parí. Ẹyẹ tí kò lè fò, adìẹ ni."

Omíyalé ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Òdìkejì odò ni wọ́n ti gbé e wá, ọkọ̀ kékeré tó fi wálé ọkọ ṣì wà létí omi. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ló ń wà á lọ pọnmi fún ìyá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Látúnjí ní kò ní ṣeé ṣe mọ́. Ta ni yóò máa gbá ọgbà, tí yóò máa bomi fún ẹyẹ? Ó gba àjẹ̀ tí obìnrin náà fi ń wakọ̀, ó gbé e pamọ́ sí àjà.

"Baálé mi, ẹ jọ̀ọ́," ni Omíyalé wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ìyá mi ò lẹ́nìkan."

"Ọkọ̀ rẹ kọ́ nìyẹn létí odò? Mo ha gbà á lọ́wọ́ rẹ bí?" Ó sì rẹ́rìn-ín sí ọgbọ́n ara rẹ̀.

Oṣù ń gorí oṣù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan Omíyalé gbá ọgbà tán, ó mú ìyẹ́ gígé bíi mélòó kan wá fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ wò ó, èyí tí ẹ gé ti ń bọ́ sílẹ̀ o. Tuntun ń hù lábẹ́ rẹ̀."

"Ìwọ ni yóò kọ́ mi níṣẹ́? Gbálẹ̀ rẹ, kí o panu mọ́."

Omíyalé panu mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹ́ tó ń gbá, inú igbá kan ló ń kó wọn sí.

Ọjọ́ tí àwọn alájàpá fẹ́ wá ra ogún nínú ẹyẹ pé. Látúnjí jókòó síwájú ilé láàárín wọn, ó ń ṣàlàyé bí òun ṣe sọ ẹyẹ igbó di ẹran ilé. Nígbà náà ni agbo pẹ́pẹ́yẹ kan kọjá lókè, tí wọ́n ń súfèé. Ni àwọn tinú ọgbà bá dá wọn lóhùn. Kí Látúnjí tó pa ẹnu dé, ogójì ẹyẹ ti gbéra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyẹ́ apá wọn gùn, ó ń dán. Wọ́n fò kọjá lórí òrùlé, wọ́n fò kọjá lórí àwọn oníbàárà, wọ́n doríkọ odò.

"Yéè! Mo gbé! Ẹ gbà mí o!" Látúnjí ká ọwọ́ lérí. Alájàpá kan bi í pé, "Adìẹ rè é?" kò tilẹ̀ gbọ́. "Ta ló ṣí ọgbà? Omíyalé! Ìwọ ni! Torí pé n kò jẹ́ kí o relé ìyá rẹ! Olè! Ẹ wá wo olè tí mo fi ṣaya!"

Bàbá Ṣówándé, atukọ̀ ìlú, wo ẹ̀yìn ilé. "Látúnjí, ilẹ̀kùn ọgbà ṣì wà ní títì."

Omíyalé jáde, ó da igbá ìyẹ́ sí ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kò sunkún. "Ìyẹ́ tí ẹ gé nìyí, ọ̀kan kò dín. Mo wí, ẹ ní kí n panu mọ́, mo gbà. Ẹ gba àjẹ̀ mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n olè tí ẹ pè mí lójú ayé yìí, n kò gbà á." Ó yí padà sẹ́yìn ilé.

Látúnjí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ìyẹ́. Ó gbọ́ tí igi kan dún gbàù lẹ́yìn ilé, kò dìde. Nígbà tó ṣe, ọkàn rẹ̀ sọ pé: níbo gan-an ni Omíyalé yóò gbà lọ? Ó gun àjà. Àjẹ̀ wà níbi tó gbé e sí. Ó mí kanlẹ̀, ó gbé e sọ̀kalẹ̀, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ni wọ́n bá ń pariwo létí odò. Látúnjí sáré débẹ̀. Omíyalé ti dé àárín omi nínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀, ẹrù rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi nǹkan wakọ̀ lọ. Pákó ilẹ̀kùn ọgbà ni. Ó ti ya á lára férémù. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń lúwẹ̀ẹ́ lápá ọ̀tún, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ lápá òsì.

"Omíyalé! Àwẹ̀ró mi! Padà wá!" Látúnjí na àjẹ̀ sókè. "Àjẹ̀ rẹ rè é! Ọwọ́ mi ló wà! Ọwọ́ mi ló wà o!"

Obìnrin náà kò wẹ̀yìn.

Bàbá Ṣówándé wo àjẹ̀, ó wo odò, ó wo Látúnjí tí omi ti mù dé orúnkún. "Ọmọ mi," ni ó wí, "o gé ìyẹ́, o kò gé ọ̀nà odò."

Nítorí náà, bí wọ́n bá pa òwe yìí fún ọ níhà ọ̀dọ̀ wa, má ṣe máa bi wọ́n léèrè àdá. Lọ wo ohun tí o gbé pamọ́ sí àjà.