Ìbídùn Tó Gbẹ́ Kòtò fún Odò Ẹlẹ́ja

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, ó ya ìlú elépo, ó wá jókòó ti obìnrin amọ̀kòkò kan tó ń jẹ́ Ìbídùn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ súnmọ́ mi. Bí mo bá dá orin, kí ẹ gbè é báyìí: “Ṣàn wẹ̀rẹ̀, odò, ṣàn.” Ẹ jẹ́ n gbọ́.

Ṣàn wẹ̀rẹ̀, odò, ṣàn!

Ẹ ṣé.

Ìlú kan wà láyé àtijọ́ tó ń jẹ́ Ìdí-Ọ̀bọ̀. Epo pupa ni iṣẹ́ wọn. Ẹkù méje tí wọ́n fi ń fọ epo ló wà lórí òkè tó kọjú sí odò Ẹlẹ́ja. Bí wọ́n bá fọ epo tán, omi ìdọ̀tí dúdú tó bá kù, inú odò ni wọ́n ń dà á sí, ṣọ̀ọ̀rọ̀ṣọ̀! Epo ń pọ̀, ìlú ń là. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọ̀rá bo ojú odò. Ẹja ń kú, wọ́n ń léfòó. Inú ń run àwọn ọmọdé, ara ń yún wọn.

Ọkùnrin kan wà nílùú náà, Látúnjí lorúkọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ. Ìsun omi kan ń bẹ nínú oko rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pọn ìkòkò omi kan níbẹ̀, yóò kọ́kọ́ kọ ogún ebè fún Látúnjí. Oko Látúnjí ń fẹ̀, ẹ̀yìn àwọn ará ìlú ń tẹ̀.

Baálẹ̀ pe ìpàdé. Ìbídùn kúnlẹ̀ láàárín wọn. Ó ní, “Baálẹ̀, kí ẹ̀mí yín gùn. Bí mo bá da omi ẹlẹ́rẹ̀ sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, tí mo ti kó yanrìn àti èédú sí, omi tó ń kán jáde máa ń mọ́. Mo rò pé bí a bá gbẹ́ kòtò mẹ́ta tẹ̀ léra láàárín ẹkù àti odò, tí a kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí wọn, omi ìdọ̀tí á ti mọ́ kó tó dé odò.”

Baálẹ̀ ní, “Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Kò dá mi lójú, bàbá. N kò rí ibi tí wọ́n ti ṣe é rí.”

Látúnjí bú sẹ́rìn-ín, kẹ̀ẹ́kẹ̀ẹ́! “Ẹ gbọ́ o! Kò dá òun alára lójú! Ẹ̀yin àgbà, àsìkò ìkọbè la wà yìí. Ṣé ká pa oko tì, ká máa gbẹ́ kòtò tí a kò mọ̀ bóyá á ṣiṣẹ́? Ẹ jẹ́ ká dúró. Bóyá òjò ọdún yìí á gbá ìdọ̀tí náà lọ. Bóyá lọ́jọ́ mìíràn, ẹni tó gbọ́n ju obìnrin yìí lọ á gba ìlú wa kọjá. Sùúrù ni baba ìwà.”

Àwọn àgbà mi orí: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Ìbídùn ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, dídúró náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ebè tí ẹ kọ lóko Látúnjí lọ́dún yìí pọ̀ ju èyí tí ẹ kọ lóko yín lọ. N kò sì ní kí ẹ fi ẹkù méjèèje dán an wò. Ẹyọ kan péré ni mo tọrọ. Bí ó bá bàjẹ́, tèmi ló bàjẹ́.”

Baálẹ̀ fún un ní ẹkù tó súnmọ́ odò jù lọ.

Ìbídùn délé, ó kó iṣu inú àká rẹ̀ sílẹ̀, ó pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. “Èyí, èbù tí n ó gbìn. Èyí, tí èmi àti Màmá ó jẹ. Èyí, ti kòtò.” Ti kòtò yìí ló ń sè fún àwọn tó bá a gbẹ́lẹ̀. Wọ́n ń gbẹ́ ẹ, gbì, gbì, gbì! Òun náà ń gbẹ́, ó ń kọrin:

Ẹlẹ́ja, omi àwọn ìyá wa,
*Ṣàn wẹ̀rẹ̀, odò, ṣàn.*
Ohun tí mo mọ̀, n ó fi tún ọ ṣe,
*Ṣàn wẹ̀rẹ̀, odò, ṣàn.*
Èyí tí n kò mọ̀, n ó ṣe é, n ó mọ̀ ọ́n,
*Ṣàn wẹ̀rẹ̀, odò, ṣàn.*

Nígbà tí wọ́n parí, tí wọ́n sì kó yanrìn àti èédú sí kòtò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó gbẹ́ adágún kékeré kan sí ìsàlẹ̀ kòtò kẹta, ó sì fi ẹja àrọ̀ mẹ́ta sínú rẹ̀. Bí omi bá mọ́, àrọ̀ á yè. Bí kò bá mọ́, àrọ̀ á sọ fún wọn.

Lọ́jọ́ kejì, kòtò kìn-ín-ní dí pátápátá. Ìdọ̀tí kún un, ó bo kejì, ó bo kẹta, ó ya wọ inú adágún, gbuuru! Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, àrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yí ikùn sókè, funfun báláú.

Látúnjí dé. “Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá oníkòtò!” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n bá ọ̀nà wọn lọ.

Ìbídùn jókòó sí etí kòtò, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, pó, pó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró jẹ́ẹ́. Ó ki ọwọ́ bọ kòtò kìn-ín-ní, ó bu yanrìn ibẹ̀: epo ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí ìṣù amọ̀. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí ìhá, ìyẹn fọ́nrán ara ẹyìn, ti já bọ́ sínú omi. Epo rọ̀ mọ́ ìhá náà, omi tó ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá sì fúyẹ́. Ìbídùn nu ojú. “Áà! Ìhá ló yẹ kó kọ́kọ́ pàdé epo! Yanrìn ló yẹ kó kẹ́yìn!”

Ó sáré lọ bá ìyá rẹ̀. “Màmá, mo fẹ́ mú nínú iṣu jíjẹ wa.”

Ìyá arúgbó náà ní, “Ọmọ mi, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Tí kò bá tún ṣiṣẹ́ ńkọ́?”

“Ẹ̀gẹ́ la ó máa jẹ títí iṣu tuntun á fi ta, Màmá. N kò ní fọwọ́ kan èbù. Èyí àkọ́kọ́ bàjẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kọ́ mi ní nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ní gbogbo Ìdí-Ọ̀bọ̀.”

Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sí ọ̀bẹ. “Gbé ẹ̀gẹ́ wá kí n bó o.”

Ìbídùn padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìhá nínú kòtò kìn-ín-ní, èédú nínú èkejì, yanrìn nínú ẹ̀kẹta. Ó fi àrọ̀ mẹ́ta mìíràn sínú adágún.

Àrọ̀, àrọ̀, ṣé o wà láàyè?
*Ṣàn wẹ̀rẹ̀, odò, ṣàn.*
Bí o bá kú, n ó tún un gbẹ́,
*Ṣàn wẹ̀rẹ̀, odò, ṣàn.*
Bí o bá yè, ìlú á yè,
*Ṣàn wẹ̀rẹ̀, odò, ṣàn.*

Ọjọ́ kìn-ín-ní, àrọ̀ ń wẹ̀. Ọjọ́ kejì, wọ́n ń wẹ̀. Ọjọ́ kẹta, Látúnjí yọjú wò wọ́n, àyà rẹ̀ já, pà! Bí odò bá mọ́, ta ni yóò tún kọ ebè fún un? Ó dúró di ìgbà tí oníkálukú ti lọ sóko, ó bu ìdọ̀tí gbígbóná kún ìkòkò kan, ó ń gbé e bọ̀ kó lè dà á lé àwọn ẹja lórí. Àṣé etí kòtò ń yọ̀. Yọ̀ọ̀ọ̀, gbàmù! Látúnjí di inú kòtò kìn-ín-ní, ìhá bò ó lórí bí irun, epo mù ún dọ́rùn. “Ẹ gbà mí o! Ẹ gbà mí o!”

Ará ìlú ya dé, Baálẹ̀ náà dé. “Látúnjí, kí ni ìwọ àti ìkòkò ìdọ̀tí ń wá níbí?”

Látúnjí fi ìhá bo ìkòkò náà.

Baálẹ̀ ní, “Ó yé mi wàyí. Ẹni tó ní ká dúró, ìdúró wa ló ń jẹ yó.”

Ìbídùn ló na ọwọ́ sí Látúnjí, tó fà á jáde. Nínú adágún, àrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì ń wẹ̀. Ìlú gba ìsun omi lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ti gbogbo èèyàn, òun náà sì bá wọn gbẹ́ kòtò sí ẹkù mẹ́fà tó kù. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà o. Méjì bàjẹ́, Ìbídùn tún wọn ṣe, ọ̀kan tún bàjẹ́, ó tún tún un ṣe. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kẹta, ó fi igbá bu omi láàárín odò lójú gbogbo ìlú, ó mu ún. Baálẹ̀ ṣí fìlà lórí fún un, òun tí kì í ṣí i fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Ìbídùn, o kò mọ̀, o sì sọ pé o kò mọ̀, síbẹ̀ o ṣe é. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.”

Ẹsẹ̀ àlọ́ mi kò lè kọjá ibí yìí. Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí ọbẹ̀ mi má dùn lọ́la. Bí n kò bá purọ́, kí ẹ bá mi lá àwo mọ́ tónítóní.

Ẹ̀kọ́ àlọ́ yìí ni pé kí á má torí pé ohun rere kò dáni lójú ká káwọ́ gbera. Ìwọ̀nba tí apá wa ká ni ká fi dán an wò, ká tọ́jú èbù wa, ká sì kọ́gbọ́n lára èyí tó bá bàjẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń sọ fún wa pé ká dúró, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń jẹ nínú ìdúró náà.